Sàtánì Kọ́, Olùkọ́ Ni

Kò tọ́ lójú wa kí a máa fi iyì olùkọ́ fún Sàtánì. Wọ́n ní oríta ni Robert Johnson, ọmọ ènìyàn dúdú ti Mississippi ní Amẹ́ríkà, ti ta ọkàn rẹ̀ fún un kí ó tó mọ gìtá orin blues ta. Irọ́ ni. Son House, àgbà nínú orin náà, jẹ́rìí pé nígbà tí ọmọ náà kọ́kọ́ ń gbé gìtá, ariwo lásán ni. Àwọn ènìyàn a sì máa ráhùn. Ó lọ, ó padà, ẹnu sì ya House.

Ọ̀dọ̀ Ike Zimmerman ni ó lọ. Àwọn ẹbí Zimmerman sọ pé ó bá wọn gbé, àti pé itẹ́ òkú ni ọ̀gá ti ń kọ́ ọ lóru, nítorí ìdákẹ́rọ́rọ́ ibẹ̀. Etí ẹni kì í tètè gbọ́ àṣìṣe ọwọ́ ẹni, ẹlòmíràn ni í gbọ́ ọ, tí í sì wí pé, “Tún un ta.” Ta ni yóò sọ nílẹ̀ yìí pé oríta ni ọmọ Àyàn ti kọ́ dùndún?

Orin 29 ni Johnson kọ sínú àwo ní 1936 àti 1937. Zimmerman kò ní àwo kankan.