Àwòrán Ẹ̀fẹ̀ Kì í Ṣe Èébú

Àwọn àgbà wa ló ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí òwe yìí bá bá iṣẹ́ ẹnikẹ́ni mu, ti ẹni tí ń fi gègé àti íǹkì ya ojú ènìyàn ní ọ̀nà ẹ̀fẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé èébú lásán ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀: kí imú di ìkòkò, kí etí di abẹ̀bẹ̀. Èrò tèmi yàtọ̀. Ayàwòrán tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń wá ìwà tí ó wà lẹ́yìn ojú náà ni. Iṣẹ́ ọ̀hún kò sì rọrùn. Lẹ́ẹ̀dì ṣeé pa rẹ́, íǹkì kò ṣeé pa rẹ́; bí ìlà kan bá ṣìnà, gbogbo ojú ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ wo David Levine, ará Amẹ́ríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún The New York Review of Books ní 1963. Ní 1965, Ààrẹ Lyndon Johnson ká ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó fi àpá iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un han àwọn oníròyìn. Ní 1966, Levine ya á bí ó ti ká aṣọ sókè, ṣùgbọ́n ó sọ àpá náà di àwòrán ilẹ̀ Vietnam, níbi tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ń jà. Kò fi àìsàn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ogun ni ó bá a wí lé lórí.

Nílé níbí, Akinọla Laṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí a bí ní 1916, fi àwòrán ẹ̀fẹ̀ bá ìjọba òyìnbó jà nínú ìwé ìròyìn West African Pilot. Ṣé ohun tí ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń ṣe náà kọ́ nìyẹn? Ó ń fi orin tú àṣírí oníwàkiwà ní gbangba. Síbẹ̀, Yorùbá kì í fi abuké, afín àti arọ ṣẹ̀sín, nítorí ẹni òrìṣà ni wọ́n.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwọn tí ń lẹ àwòrán mọ́ ògiri lákòókò ìdìbò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wí. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹsẹ̀ tí olùdíje kan ń tiro kì í ṣe ìwà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó ná owó ẹgbẹ́ tí kò sì ṣe ìṣirò rẹ̀, àpò rẹ̀ ni kí ẹ yà kí ó wú bí àpò ìrẹsì. Gbogbo wa ni a ó rẹ́rìn-ín, òun náà kò sì ní lè sọ pé a bú òun.