Orúkọ wo ni ó yẹ Kírípítò ní Èdè Yorùbá?

Èdè tí ó wà láàyè kì í sá fún ohun tuntun. Nígbà tí rédíò dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ènìyàn pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé àpótí náà ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. Orúkọ náà dára nítorí pé kò purọ́ mọ́ ohun tí ó ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ti wọ àárín àwọn tí ń sọ Yorùbá láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí orúkọ rẹ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀, tí àìfìdímúlẹ̀ yìí sì ti ń ná àwọn ènìyàn lówó. Òun ni èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní kírípítò, tí Bitcoin jẹ́ àkọ́bí rẹ̀.

Àwọn atúmọ̀ èdè àti àwọn oníròyìn ti dá oríṣiríṣi orúkọ fún un: owó ayélujára, owó orí ẹ̀rọ, owó àṣírí. Ríra rẹ̀ àti fífi owó sínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ìdókòwò. Ó yẹ kí a bi àwọn orúkọ wọ̀nyí léèrè ohun tí wọ́n ń wí, nítorí pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kó sí abẹ́ ìbòrí kan: ọ̀nà tí a ń gbà fi owó ránṣẹ́, ọjà tí a ń rà dúró kí iye rẹ̀ lè gòkè, àti gbájúẹ̀ pọ́ńbélé. Níwọ̀n ìgbà tí orúkọ kan bá ń jẹ́ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyì èkínní ni ẹ̀kẹta yóò máa gbé wọ̀.

Kí ó tó di pé a sọ nǹkan lórúkọ, ó tọ́ kí a mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2008 ni ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto gbé ìwé pélébé kan jáde, tí ó fi ṣàlàyé bí àwọn ènìyàn ṣe lè máa fi owó ránṣẹ́ sí ara wọn láìsí báǹkì láàárín. Ní ọjọ́ 3 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Dípò kí báǹkì kan ṣoṣo máa tọ́jú ìwé tí a kọ iye owó oníkálukú sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ni ó ní ẹ̀dà ìwé kan náà lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá fi owó ránṣẹ́, gbogbo wọn ni yóò rí i. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ pa ohun tí a ti kọ rẹ́, ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ àwọn yòókù yóò tako tirẹ̀.

Àwọn kan ti ń pe ìwé yìí ní ẹ̀wọ̀n búlọ́ọ̀kù, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́dàá rẹ̀ pè é lédè tiwọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí ní Arámọkọ yóò rò pé ọgbà ẹ̀wọ̀n tí a fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kọ́ ni. Ìwé-ìṣirò àjùmọ̀pamọ́ ni ó tọ́ láti pè é, nítorí pé ìwé-ìṣirò ni, àjùmọ̀pamọ́ sì ni. Bákan náà ni owó àṣírí kò tọ́. Òótọ́ ni pé ohun tí ó pamọ́ ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí a ti mú orúkọ náà, ṣùgbọ́n ìwé-ìṣirò Bitcoin ṣí sílẹ̀ gbayawu. Orúkọ ẹni tí ó ni ín nìkan ni kò hàn. Ní ti owó awo, tí a ti gbọ́ lẹ́nu àwọn mìíràn, ẹni tí ó bá sọ ọ́ láàárín ọjà yóò ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ọlọ́pàá.

Èyí tí ó fa àròjinlẹ̀ jù ni ìwakùsà. Gbogbo ayé ni ó ń sọ pé à ń wa Bitcoin bí ẹni ń wa kùsà, àwọn atúmọ̀ èdè sì ti gbà á bẹ́ẹ̀. Kò sí ibi tí àṣìtumọ̀ yìí ti hàn kedere bí agbègbè Ìjerò-Èkìtì, nítorí pé kùsà kì í ṣe àfiwé níbẹ̀. Wọ́n ń wa tọ́málìnì, wọ́n ń wa tantaláìtì àti kéólíìnì. Ẹni tí ó wa ilẹ̀ rí òkúta, ó gbé e lọ́wọ́, ihò tí ó gbẹ́ sì wà níbẹ̀ tí ojú ń rí i. Kò sí ohun tí ó jọ èyí nínú Bitcoin. Ohun tí àwọn ẹ̀rọ náà ń ṣe ni pé wọ́n ń bá ara wọn díje láti mọ nọ́ńbà kan nípa ìdánwò léraléra, títí tí ọ̀kan yóò fi bọ́ sí i. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni ọ̀kan ń borí. Òun ni yóò kọ ojú-ìwé tí ó kàn sínú ìwé-ìṣirò náà, a ó sì fi Bitcoin tuntun san án lẹ́san. 50 ni ẹ̀san náà ní ọdún 2009; ó ń dín sí ìdajì ní bí ọdún mẹ́rin mẹ́rin, ó sì di 3.125 ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Iná mànàmáná tí wọ́n ń jó kì í ṣe kékeré. Ìdíje ìkọsílẹ̀ ni èyí, kì í ṣe ìwakùsà. Bí a bá pè é ní ìwakùsà fún ọmọ Ìjerò, yóò gbà pé nǹkan kan wà nísàlẹ̀ tí a ti wú jáde, àti pé nǹkan náà ni ó ti owó yìí lẹ́yìn.

Ǹjẹ́ owó tilẹ̀ ni bí? Ìtàn owó ẹyọ lè là wá lọ́yẹ̀. Kò sí ọba tí ó tẹ owó ẹyọ. Láti erékùṣù Maldives ni ó ti ń wá, tí àwọn ènìyàn sì fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Òǹkà Yorùbá kò tíì bọ́ nínú ìṣirò náà di òní. Ṣùgbọ́n láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn oníṣòwò Hamburg ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú ẹyọ mìíràn, tí ó tóbi jù tí ó sì pọ̀ rẹpẹtẹ, láti Zanzibar wá sí Èkó àti etí òkun Dàhọ̀mì. Bí ẹyọ ti ń pọ̀ sí i ni agbára rẹ̀ ń rọ, títí tí ìjọba amúnisìn fi fòfin de kíkó rẹ̀ wọlé ní ọdún 1904. Àwọn olùgbèjà Bitcoin yóò yára sọ pé ìdí rèé tí Nakamoto fi fi òté lé e pé kò ní ju mílíọ̀nù 21 lọ láéláé. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó ní ìmọ̀ ẹ̀rọ lè dá irú tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́la, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà báyìí. Zanzibar kò jìnnà. Èyí tí ó ju ìyẹn lọ ni pé aláta ń gba ẹyọ lọ́jà Ẹ̀fọ̀n. Kò sí aláta tí ń fi Bitcoin díye lé ata.

Ó sún mọ́ kòkó tí a kó pamọ́ sí àká ju owó lọ. Àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Èkìtì mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí iye ọjà ga kí ó sì já lulẹ̀: tọ́ọ̀nù kòkó kan ju 12,000 dọ́là lọ ní ọjà àgbáyé ní oṣù kejìlá ọdún 2024, kí ọdún 2025 sì tó parí, kò tó ìdajì iye yẹn mọ́. Ìyàtọ̀ kan ni pé igi kòkó ń so, bí owó rẹ̀ bá tilẹ̀ wálẹ̀. Bitcoin kì í so. Kò ní èso, kò ní èlé, kò ní owó ilé. Èrè kan ṣoṣo tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé kí ẹlòmíràn fẹ́ ẹ lọ́la ju bí a ti fẹ́ ẹ lónìí lọ. Ẹyọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000 dọ́là ní oṣù kejìlá ọdún 2017, ọdún kan péré lẹ́yìn náà ó ti wá sí nǹkan bí 3,200. Ó gun òkè dé nǹkan bí 69,000 ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ó já sí nǹkan bí 16,000 ní ọdún kejì, ó sì kọjá 100,000 ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Ẹni tí ó rà á ní ọdún 2021 tí ó sì ní owó ilé-ìwé ọmọ láti san ní ọdún 2022 kò lè dúró de 2024.

Kò tọ́ kí a tìtorí èyí sọ pé kò ní àǹfààní. Nígbà ìwọ́de EndSARS ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, tí wọ́n dí ọ̀nà báǹkì mọ́ àwọn obìnrin tí ń kó owó ìrànlọ́wọ́ jọ, Bitcoin ni ó gbà wọ́n. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan tí ó jẹ́ nǹkan bí ₦460 kọjá ₦1,500 kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí. Ẹni tí ó ti fi owó rẹ̀ sínú irú kírípítò tí a so mọ́ dọ́là, èyí tí a lè pè ní arọ̀mọ́-dọ́là, kò pàdánù bí aládùúgbò rẹ̀ tí ó fi náírà sí báǹkì. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ fún ará òkè òkun láti inú yàrá wọn ń gba owó iṣẹ́ wọn bẹ́ẹ̀. Èyí ni ó mú kí ọ̀nà náà gbilẹ̀ ní Nàìjíríà, láìka pé Báǹkì Àpapọ̀ pàṣẹ fún àwọn báǹkì ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 2021 pé kí wọ́n ti àpamọ́ àwọn oníkírípítò pa, àṣẹ tí ó tó oṣù kejìlá ọdún 2023 kí ó tó yí padà. Ewu tirẹ̀ nìyẹn: òfin tí ó yí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́ta lè tún yí. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá a pamọ́ náà lè wó, bí FTX ti wó ní oṣù kọkànlá ọdún 2022.

Ọ̀rọ̀ ìdókòwò wá kù. Òwò wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó dókòwò, ìyẹn ni pé ọjà wà, òógùn wà, oníbàárà wà. Ọ̀rọ̀ iyì ni, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ẹlẹ́tàn fi fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí MMM ti Sergei Mavrodi, ará Rọ́ṣíà, wọ Nàìjíríà ní ọdún 2015, ó ṣèlérí èlé 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016 ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn níta. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni CBEX dáwọ́ owó sísan dúró. Ó ní kírípítò ni òun ń tà tí òun ń rà, ó sì ṣèlérí pé owó yóò di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan. Àwọn tí inú bí ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn.

Kí olùkọ́ ìṣirò gbé ìlérí yìí ka orí pátákó. ₦10,000 tí ó ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù yóò di ₦40,960,000 lẹ́yìn oṣù méjìlá. Ti MMM, tí ó dàbí pé ó kéré, yóò di nǹkan bí ₦233,000 bí a kò bá yọ èlé rẹ̀. Kí ó wá gbé èsúsú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ènìyàn méjìlá, ₦10,000 lóṣù, ₦120,000 fún ẹni tí ó kàn. Ohun tí ó wọlé ni ó jáde. Owó ẹni tí ó wọlé lẹ́yìn ni ẹni iwájú ń gbà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n èsúsú mọ iye ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì ṣèlérí èlé tí kò sí. Àwọn tí ó dá ọ̀rọ̀ náà alájẹṣẹ́kù fún ẹgbẹ́ àwọn olùfowópamọ́ ṣe iṣẹ́ ńlá. Gbogbo ìlànà ẹgbẹ́ náà wà nínú orúkọ rẹ̀, pé kí a jẹ kí ó sì ṣẹ́ kù. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà fún CBEX, ọ̀pọ̀ ìbá béèrè ìbéèrè kan sí i.

Ọ̀rọ̀ náà sì wà. Gbájúẹ̀ ni. Àwọn olùṣàkójọ èdè-ìperí ń yẹra fún un nítorí pé ọ̀rọ̀ ìgboro ni, wọ́n ń wá èyí tí ó bá ìwé mu. Ìtìjú tí kò yẹ ni. Àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ Èdè-Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1984 lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé kò tijú láti lo ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ níbi tí ó bá tọ́. Òfin ìdókòwò tuntun ti ọdún 2025 fi kírípítò sí abẹ́ àbójútó àjọ tí ń ṣe kòkáárí ọjà ìpín, ó sì ya irú CBEX sọ́tọ̀ fún owó ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n, ẹ̀wọ̀n gidi lọ́tẹ̀ yìí. Òfin ti pín wọn. Kí atúmọ̀ èdè má ṣe tún wọn pò.

Nítorí náà, kírípítò ni kí orúkọ gbogbogbòò máa jẹ́, gẹ́gẹ́ bí sílè, kọ́bọ̀ àti náírà ti wọlé tí kò sí ẹni tí ó bínú. Àwọn tí ń ṣọ́ èdè lè kùn pé a ti juwọ́ sílẹ̀ jù, ṣùgbọ́n orúkọ àjèjì tí kò ṣèlérí ohunkóhun sàn ju owó ayélujára lọ, èyí tí òǹkàwé yóò dà pọ̀ mọ́ owó tí ó ń fi fóònù ránṣẹ́ láti báǹkì rẹ̀. Fún ríra kírípítò kí iye rẹ̀ lè gòkè, ìràdúró tó. Ó jẹ́ kí ẹni tí ó rà á mọ̀ pé ìdúró ni iṣẹ́ rẹ̀. Gbájúẹ̀ ni kí ẹ̀kẹta máa jẹ́, nínú ìwé òfin, lórí rédíò àti nínú ìwé kíkà ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣì ń fẹ́ àjùmọ̀rò ni kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí olówó fi ń ṣí àpamọ́ rẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ ilé bá sọnù, alágbẹ̀dẹ lè rọ òmíràn. Èyí tí ó bá sọnù nínú kírípítò, kò sí alágbẹ̀dẹ tí ó lè rọ ọ́, owó náà yóò sì wà nínú ìwé-ìṣirò tí gbogbo ayé ń rí, tí ẹni tí ó ni ín kò lè fọwọ́ kàn án. Bí a bá pè é ní kọ́kọ́rọ́ lásán, ìkìlọ̀ yìí kò sí nínú rẹ̀.