Ẹ Má Fi Owó Òwò Kó Ẹrù Lọ sí Parakú

Láti Kútọnu dé Parakú, ọ̀nà náà ju 400 kìlómítà lọ. Ọkọ̀ tó bá tètè gbéra ní òwúrọ̀ yóò gba Bohíkọ̀n, yóò gba Ìdáàṣà, yóò kọjá Ṣábẹ̀ẹ́, yóò sì dé Parakú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́ kan péré ni ìrìn náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń jìyà ọjọ́ kan yìí fún ọ̀pọ̀ oṣù. Wọ́n kó ẹrù wọn dé láìfọ́, owó òwò wọn ni kò bá wọn dé.

Ẹ̀yin ará wa, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó fẹ́ kó lọ. Parakú tó ìlú tí ènìyàn lè lọ. Láti ìgbà tí ojú irin ti dé ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ láti inú rélùwéè, tí wọ́n sì ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ọ̀nà Nìjẹ́. Lónìí rélùwéè kì í kó èrò lọ síbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n òwò kò kúrò níbẹ̀. Ìlú náà ní yunifásítì. Ó ní ọjà ńlá. Wọ́n ń sọ Bàríbá àti Dẹ́ńdì níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwa Nàgó náà pọ̀ níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí a ti wà níbẹ̀.

Ohun tí mo ń bá jà ni kí a máa fi ẹnu lásán kó lọ. Bí ó ti máa ń rí nìyí. Baálé ilé gbọ́ pé iṣẹ́ wà ní Parakú. Ó lọ bá awakọ̀, ó béèrè iye tí yóò gba ẹrù. Ó fi owó ọkọ̀ ìdílé rẹ̀ kún un. Ó fi owó ilé kún un. Ó ní, "Owó ti pé." Ó kó ẹrù sọ́kọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, tí owó tán, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀: "Mú owó ọjà rẹ wá, màá dá a padà fún ọ." Òun náà mọ̀ pé kò sí ibi tí yóò ti rí i dá padà.

Àwọn àgbà ní, àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ jẹ́ kí á wá ṣírò ọ̀rọ̀ náà, kí á wo ohun tí baálé yìí kò kà.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ọkọ, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ lọ. Iye tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, àpẹẹrẹ ni. Kí kálukú lọ béèrè iye tirẹ̀, kí ó kọ ọ́ sí ipò rẹ̀. Sẹ́fà ni gbogbo rẹ̀.

Àsansílẹ̀ owó ilé, oṣù 3, 20 000 lóṣù: 60 000
Owó ìdúró fún iná àti omi: 30 000
Ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù: 90 000
Àwọn alábàárù, ní Kútọnu àti ní Parakú: 16 000
Owó ọkọ̀ ènìyàn 5, 8 000 lórí ẹnìkan: 40 000
Oúnjẹ lójú ọ̀nà: 6 000
Aṣọ àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ: 35 000
Oúnjẹ àti ìnáwó ilé fún oṣù 3, 50 000 lóṣù: 150 000

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 427 000. Ẹ fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un nítorí ohun tí a kò mọ̀: táyà lè bẹ́, ọmọ lè ní ibà. Ẹ fi 43 000 kún un. Ó di 470 000.

Kí ni baálé wa kà? Ó ka ọkọ̀ ẹrù, 90 000. Ó ka ọkọ̀ ènìyàn, 40 000. Ó ka owó ilé, 60 000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 190 000. Ẹ yọ 190 000 kúrò nínú 470 000. Ó ku 280 000. Níbo ni 280 000 yìí yóò ti wá? Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní 250 000 tó fi ń ta aṣọ, gbogbo rẹ̀ ni yóò wọlé sínú ihò yìí, gbèsè 30 000 yóò sì tún kù lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin tó jẹ́ oníṣòwò ní Kútọnu á di ẹni tó ń tọrọ owó ata ní Parakú. Bí oṣù kẹrin bá pé, onílé á kan ilẹ̀kùn.

Ẹ wo ìlà tó gùn jù nínú ìṣirò yẹn. Kì í ṣe ti ọkọ̀. Ti oúnjẹ oṣù 3 ni, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kọ sílẹ̀ rárá. Kí ló dé tí mo fi sọ pé oṣù 3? Nítorí pé oníbàárà tó wà ní Kútọnu kò bá yín lọ. Ní ọjà tuntun, ẹ ní láti wá àyè ìjókòó. Àwọn tó ń tajà lósùnwọ̀n kò mọ̀ yín, wọn kò ní tà á ní àwìn fún yín. Owó oṣù àkọ́kọ́ ẹni tó gba iṣẹ́ náà lè pẹ́. Ikùn ọmọ kò ní dúró de owó oṣù.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní, "Ọlọ́run á pèsè." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó gbàgbọ́ nínú Ọlọ́run náà ń tọ́jú irúgbìn. Kì í jẹ gbogbo àgbàdo inú àká tán kó wá máa wo ojú ọ̀run. Owó òwò ni irúgbìn oníṣòwò. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tán, kí ni yóò gbìn?

Àwọn mìíràn á ní, "Ẹ̀gbọ́n wa wà ní Parakú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la máa dé sí." Ó dára. Ẹbí ni ẹbí ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yín náà ní ọmọ, ó sì ń san owó ilé. Ènìyàn márùn-ún tó wọlé tọ̀ ọ́ láìmú owó oúnjẹ lọ́wọ́, ẹrù ni wọ́n gbé lé e lórí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó lọ: ọjọ́ mélòó? Oúnjẹ ta ni a ó jẹ? Ìbéèrè yìí kò ba ẹbí jẹ́. Èyí tó ń ba ẹbí jẹ́ ni kí a má béèrè.

Àwọn kan sì wà tó ní, "A kì í sọ ìrìn wa fún ènìyàn, ọ̀tá lè gbọ́." Nítorí èyí, ìyàwó kò mọ̀ títí ó fi ku ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé ìyàwó yín ni ọ̀tá yín? Obìnrin yìí ní gbèsè níta tó fẹ́ gbà. Ó ní ọjà tó yẹ kó tà tán. Ó wà nínú èsúsú. Bí kò bá tíì kó tirẹ̀, yóò pàdánù ohun tó ti dá. Bí ó bá ti kó o, tí ó sì lọ láìdá ìyókù, olè ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò pè é, orúkọ yẹn yóò sì tẹ̀ lé e dé Parakú. Oṣù mẹ́ta ni ó kéré jù tí ọkọ àti ìyàwó gbọ́dọ̀ fi jókòó sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má sọ ọ́ fún àdúgbò bí ẹ kò bá fẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ ọ́n.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ ṣe ìwádìí.

Ẹ wádìí nípa ilé. Òfin tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní 2018 lórí ilé gbígbà kò jẹ́ kí onílé gba àsansílẹ̀ owó ilé tó ju ti oṣù 3 lọ. Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ san ti oṣù 6 tàbí ti ọdún kan, ẹ mọ̀ pé òfin kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má sanwó fún ẹni tó ń bá ènìyàn wá ilé kí ẹ tó fi ojú rí yàrá náà. Bí ẹ bá sanwó, ẹ gba ìwé, kí ẹ sì kà á. Ẹ ti mọ ìwé kà báyìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á fún yín.

Ẹ wádìí nípa ọkọ̀. Ọkọ̀ púpọ̀ ń kó iṣu wá láti òkè. Nígbà tí wọ́n bá sọ iṣu kalẹ̀ ní Kútọnu, awakọ̀ kò fẹ́ padà ní òfìfo. Irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gba owó tó kéré sí ti ẹni tí ẹ háyà fún ara yín nìkan. Ẹ bi awakọ̀ mẹ́ta, ẹ kọ iye tí kálukú pè. Ẹ bi í bóyá owó tí wọ́n ń san lójú ọ̀nà wà nínú rẹ̀. Ẹ ka ẹrù kí ó tó gbéra, kí ẹ sì tún un kà nígbà tó bá dé.

Ẹ wo àsìkò. Ìsinmi gígùn àwọn ọmọ ilé-ìwé ló dára jù fún kíkó lọ, kí ọmọ má baà já ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí ààrin. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn gan-an, ní oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, ni òjò ń rọ̀ jù ní Parakú. Ẹ̀yin ará Kútọnu, ẹ má fi òjò tiyín ṣírò tiwọn: nínú oṣù kẹjọ, òjò sábà máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n kì í dáwọ́ dúró níbẹ̀. Bí awakọ̀ kò bá ní tápólì, ẹ má gbé mátírẹ́ẹ̀sì sí ọkọ̀ rẹ̀. Ìwé ìbí àwọn ọmọ, ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wọn àti ìwé abẹ́rẹ́ wọn, ẹ má kó o sínú ẹrù. Ọwọ́ ìyá tàbí bàbá ni kí ó wà.

Bí owó kò bá tó ńkọ́? Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkíní, ẹ sún ọjọ́ náà síwájú. Ẹni tó bá ń fi 47 000 pamọ́ lóṣooṣù yóò ní 470 000 ní oṣù mẹ́wàá. Èkejì, kí ẹnìkan ṣáájú, kó gba yàrá kan, kó ṣiṣẹ́, kí ìyókù tẹ̀ lé e nígbà tí ìsinmi bá dé. Ẹ̀kẹta, ẹ dín ẹrù kù. Bẹ́ẹ̀dì onígi àti kọ́bọ́ọ̀dù tó ti gbó, tí owó ọkọ̀ wọn ju iye tí ẹ ó fi ra òmíràn lọ, ẹ tà wọ́n. Káfíńtà wà ní Parakú.

Kò sí ọ̀nà kẹrin tó ń jẹ́ owó òwò ìyàwó. Owó yẹn gbọ́dọ̀ kọjá Ṣábẹ̀ẹ́ láìfọwọ́kàn. Ẹ fi í sí orí fóònù, ẹ má dì í mọ́ ìdí aṣọ nínú ọkọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá rí àyè ní ọjà ni kí ó jáde.

Ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ kọ ìlà mẹ́jọ yẹn sílẹ̀ lálẹ́ òní, ọkọ àti ìyàwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ kọ iye sí iwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rò ó pọ̀. Ìlà tí ẹ kò bá mọ iye rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ lọ béèrè. Níwọ̀n ìgbà tí ìlà kan bá ṣì ṣófo, ẹ má pe awakọ̀.