Àwòṣe Olówó Pọ́ọ́kú: Kí Ọwọ́ Mọ Iṣẹ́ Kó Tó Kan Ara Obìnrin

Lára àwọn ọ̀nà ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó wà ní àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba, yàtọ̀ sí iṣẹ́ abẹ, méjì ni ó nílò ọwọ́ tó mọṣẹ́ jùlọ. Èkíní ni ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń fi sí abẹ́ awọ apá. Èkejì ni lúùpù tí wọ́n ń fi sínú ilé-ọmọ. Ọ̀pá Implanon NXT ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 3, ọ̀pá méjì ti Jadelle fún ọdún 5, lúùpù oníbàbà tí a mọ̀ sí Copper T sì lè ṣiṣẹ́ tó ọdún 10. Bí a bá fi wọ́n sí bó ṣe yẹ, obìnrin tí yóò lóyún láàárín ọdún kan kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n orí gbólóhùn kan ni gbogbo àǹfààní yìí dúró lé: bí a bá fi wọ́n sí bó ṣe yẹ. Bí òṣìṣẹ́ ìlera ṣe ń kọ́ iṣẹ́ yìí, àti ohun tí ó fi ń kọ́ ọ, ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò.

Ní ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé ohun èlò ìfètò-sọ́mọ-bíbí yóò jẹ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba. Ní ọdún 2014, ìlànà tuntun lórí pínpín iṣẹ́ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko, tí a ń pè ní CHEW, ní àṣẹ láti máa fi ọ̀pá sí abẹ́ awọ, bí wọ́n bá ti gba ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ 33 àti wọ́ọ̀dù 351, bẹ́ẹ̀ ìlú ńlá ni ọ̀pọ̀ dókítà fìdí kalẹ̀ sí. Obìnrin tó ń gbé ní abúlé kan ní Òkè-Ògùn tàbí Ìbàràpá kò lè máa wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn nítorí ohun tí kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ìlera àti iye ènìyàn ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó wà nílé ọkọ ní Nàìjíríà, àwọn 12 péré ló ń lo ọ̀nà ìgbàlódé. Àwọn 19 ni kò lo ọ̀nà kankan bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fi àyè sáàárín ọmọ tàbí kí wọ́n dáwọ́ ọmọ bíbí dúró. Ohun tó fà á pọ̀: àìfọwọ́sí ọkọ, ìgbàgbọ́, ọ̀nà tó jìn, ìbẹ̀rù. Nínú gbogbo wọn, ìbẹ̀rù ni ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìlera lè dín kù tàbí kó pọ̀ sí i. A ṣì ń gbọ́ ọ láàárín àwọn obìnrin pé lúùpù a máa rìn lọ sínú ọkàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti jìyà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọṣẹ́, ìtàn tirẹ̀ yóò dé ọjà kí àlàyé nọ́ọ̀sì tó dé ibẹ̀.

Kí ló lè ṣẹlẹ̀ gan-an? Abẹ́ awọ lásán ni ó yẹ kí ọ̀pá apá wà, níbi tí ìka ti lè fọwọ́ kàn án. Bí òṣìṣẹ́ bá ki abẹ́rẹ́ náà wọlé ní ìdagun, ọ̀pá yóò wọ inú ẹran, nítòsí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára, wàhálà ni yóò sì jẹ́ láti yọ ọ́ lọ́jọ́ iwájú. Ní ti lúùpù, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn bí ilé-ọmọ ṣe jìn tó, èyí tó sábà máa ń wà láàárín sẹ̀ntímítà 6 sí 9. Lẹ́yìn èyí, yóò fa ọrùn ilé-ọmọ díẹ̀ kí ọ̀nà lè tọ́, yóò sì gbé lúùpù dé òkè láìjẹ́ kí ìdọ̀tí kàn án. Ó ṣọ̀wọ́n kí lúùpù gún ilé-ọmọ lára, bí ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ìmọ̀ ọwọ́ òṣìṣẹ́ sì wà lára ohun tó ń pinnu rẹ̀. Ìwé kíkà nìkan kò lè kọ́ ènìyàn ní èyí. Ọwọ́ ni yóò kọ́ ọ, ọwọ́ kì í sì í kọ́ nǹkan ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Àwọn Yorùbá ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwòṣe ni ilé fún iṣẹ́ yìí: apá tàbí ilé-ọmọ tí a fi nǹkan mìíràn ṣe, tí òṣìṣẹ́ yóò fi dánra wò kó tó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òkè òkun ni ọ̀pọ̀ àwòṣe tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń ṣe ti ń wá, dọ́là ni a sì fi ń rà á. Bí awọ rọ́bà rẹ̀ bá ti gba abẹ́rẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, àfi kí a tún ra òmíràn. Ohun tó wọ́n báyìí a máa wà nínú àpótí, a ó gbé e jáde lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yóò yí i ká, kálukú yóò dán an wò lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, a ó sì tún tì í pa.

Kò sí òfin tó sọ pé dandan ni kí àwòṣe rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, ní nǹkan bí ọdún 260 sẹ́yìn, agbẹ̀bí kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Angélique du Coudray fi aṣọ, awọ àti òwú rán àwòṣe ìdí obìnrin àti ọmọ tuntun. Ní ọdún 1759, Ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún fún un ní àṣẹ láti máa gbé e kiri ìgbèríko, kí ó fi kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ agbẹ̀bí. Iṣẹ́ yìí ni ó sì ṣe fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ọ̀kan lára àwọn àwòṣe náà ṣì wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Rouen dòní. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ àti ìmọ̀ pípé nípa ara obìnrin ni ó fi ṣe é.

Ní òde òní, àwọn olùkọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà àti ibòmíràn ń lo ìbẹ́pẹ, èso tó kún ẹ̀yìnkùlé wa. Ìrísí rẹ̀ jọ ti ilé-ọmọ. Ibi tó ti so mọ́ igi ni wọ́n ń fi ṣe ọrùn ilé-ọmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi lúùpù wọlé láti ibẹ̀, olùkọ́ yóò sì la ìbẹ́pẹ náà kí gbogbo wọn lè rí ibi tí lúùpù dúró sí. Ní ti apá, páìpù omi lè dúró fún egungun, kí a fi fóòmù tí àwọn oníṣẹ́ àga ń lò wé e bí ẹran, kí a fi aṣọ pupa bò ó láti fi ààlà hàn, kí a sì na rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lé e lórí bí awọ. Bí ọ̀pá bá kọjá aṣọ pupa, ó ti jìn jù nìyẹn. Bí rọ́bà bá gbó, rọ́bà nìkan ni a ó pààrọ̀. Télọ̀, káfíńtà àti oníṣẹ́ àga tó wà nítòsí lè ṣe é, bí olùkọ́ iṣẹ́ ìlera bá fún wọn ní òṣùwọ̀n tó péye.

Lójú tiwa, owó tí a ó fi pamọ́ nìkan kọ́ ni àǹfààní rẹ̀. Èyí tó tóbi jù ni pé yóò sún mọ́ òṣìṣẹ́. Àwòṣe olówó ńlá kan ní Ìbàdàn yóò rí òṣìṣẹ́ Ṣakí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Èyí tí kò wọ́n lè wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí òṣìṣẹ́ máa fi tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, pàápàá ẹni tó ti pẹ́ kí obìnrin tó bèèrè lúùpù lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àsìkò tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ń lọ sí òkè òkun, tí àwọn tuntun sì gbọ́dọ̀ rọ́pò wọn, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò lè tó.

Àmọ́ ṣá o, ohun olówó pọ́ọ́kú lè di ohun yẹpẹrẹ bí a kò bá ṣọ́ra. Àwòṣe tí òṣùwọ̀n rẹ̀ kò tọ́ yóò kọ́ ọwọ́ ní àṣìṣe, àṣìṣe tí ọwọ́ bá sì ti mọ́ ṣòroó tú. Nítorí náà, ó yẹ kí onímọ̀ ìlera obìnrin yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí a tó lò ó. Ó yẹ kí àwòṣe lè fi àṣìṣe han akẹ́kọ̀ọ́. Ó yẹ kí olùkọ́ ní ìwé ìlànà tí yóò máa fi sàmì sí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì ti yege ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú ọ̀gá kó tó dá ṣe é. Rọ́bà àti fóòmù kò lè bẹ̀rù, wọn kò sì lè béèrè ọ̀rọ̀. Ó dára kí ẹnì kan jókòó ti àwòṣe náà bí ẹni tó wá gba ìtọ́jú, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ bí a ti ń ṣàlàyé, bí a ti ń gba àṣẹ, àti bí a ti ń dúró nígbà tí obìnrin bá ní kí a dúró.

Ohun mìíràn tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ni yíyọ. Gbogbo ọ̀pá tí a fi sí apá lónìí ni a ó yọ lọ́jọ́ kan, yálà ọdún rẹ̀ pé tàbí obìnrin fẹ́ lóyún. Bí òṣìṣẹ́ tó lè fi sí bá pọ̀, tí àwọn tó lè yọ kò sì tó nǹkan, a ti ti ilẹ̀kùn mọ́ obìnrin lẹ́yìn tó wọlé. Àwòṣe kan náà tí a fi kọ́ ìfisí ni ó yẹ kí a fi kọ́ yíyọ, kí ẹnikẹ́ni má sì gba ìwé-ẹ̀rí fún ọ̀kan láìmọ èkejì.

Ẹ̀yin ará ìpínlẹ̀ wa náà ní ipa tiyín. Obìnrin tó bá lọ sí ilé-ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè pé: Ṣé ẹ ti gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí? Ta ni yóò yọ ọ́ fún mi, níbo sì ni? Ìbéèrè yìí kì í ṣe àrífín, òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ kò sì ní bínú sí i. Ọkọ tó bá tẹ̀lé aya rẹ̀ lè bèèrè pẹ̀lú. Nígbà tí ìdáhùn bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ìbẹ̀rù yóò dín kù, ẹni tó fẹ́ fètò sọ́mọ bíbí yóò sì lè ṣe é pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.