Kí Ẹ Tó Fi Ata Sí Bísíkíìtì

Ọ̀rọ̀ tí a ò rí parí ní ìpàdé tó kọjá la fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé tòní. Ọ̀rọ̀ bísíkíìtì aláta ni.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ń yan bísíkíìtì ẹlẹ́pà tó dùn tó sì ta. Wọ́n ń dì í ní mẹ́rin-mẹ́rin sínú ọ̀rá, àwọn ọmọ iléèwé sì ń rà á gan-an. Lọ́dún tó kọjá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn ọmọ kan ní iléèwé tó wà nítòsí ọjà wa lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ́. A dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n ọ̀gá iléèwé ti géètì mọ́ gbogbo wa, àti oníbísíkíìtì àti ọlọ́sàn. A bẹ̀ ẹ́ títí, a ò tíì wọlé títí dòní.

Nígbà tí a pe arábìnrin wa jókòó, òótọ́ ló sọ. Òjò ló pa ẹ̀pà rẹ̀, ó sá a, àmọ́ ó ti bu kó tó gbẹ. Ó yan án, ó tọ́ ọ wò, ó rí i pé ó korò. Dípò kó dà á nù, ó sọ àtalẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta, ó da ata gbígbẹ sí i, ó tún fi ṣúgà lé e. Ìkorò ò hàn mọ́. Ká má purọ́, àwa tí a ń kọ ìwé yìí náà jẹ nínú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, a ní ó mà dùn o! Ata ti tan àwa náà jẹ.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ní kí ẹgbẹ́ fòfin de bísíkíìtì aláta pátápátá. Wọ́n ní inú ọbẹ̀ ni ata ń gbé, pé kí ló pa òun àti ṣúgà pọ̀. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀ o.

Ata àti adùn ti ń bára wọn gbé tipẹ́ nílẹ̀ wa. Àádùn ńkọ́? Àgbàdo yíyan tí a lọ̀ kúnná, tí a fi epo pupa pò, àwọn kan á fi ata sí i, àwọn kan á fi ṣúgà. Dọ̀ǹkúwà tí a kọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Òkè Ọya ńkọ́? Ẹ̀pà, àgbàdo, ṣúgà, àtalẹ̀ àti ata ló wà nínú ẹ̀. Àwọn ará Jámánì pàápàá ní bísíkíìtì Kérésì kan tí wọ́n ń pè ní Pfefferkuchen, ìtumọ̀ ẹ̀ ni kéèkì oníata.

Ẹ wá wo dòdò Ìkirè dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n jù, tí ẹlòmíì ì bá sọ nù, ni wọ́n ń gún pọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n ń fi epo pupa dín. Ọgbọ́n oníṣòwò nìyẹn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù ò tíì bàjẹ́, adùn ẹ̀ ló kún. Ẹ̀pà tó bu ti bàjẹ́ ní tiẹ̀. Ọ̀kan ń lo ata láti gbé adùn jáde, èkejì ń lo ata láti bo àléébù mọ́lẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká fi ẹ̀ṣẹ̀ èkejì jẹ ẹni àkọ́kọ́ níyà.

Ẹ̀bi yẹn kì í ṣe kékeré o. Májèlé kan wà nínú èébu ẹ̀pà àti ti àgbàdo tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹnu ò lè tọ́ ọ mọ̀, iná tí a fi ń yan nǹkan ò sì lè pa á tán. Ní Kẹ́ńyà lọ́dún 2004, àgbàdo tó ti bu pa èèyàn 125. Ẹ má sì ní ẹ ó kó o fún adìyẹ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 ló kú nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tó ti bu. Ẹ dà á nù ni.

Bí a ṣe rò pé ó yẹ kí a máa ṣe é rè é. Ẹ ṣa ẹ̀pà lójú ọ̀sán, kí ẹ tó yan án. Èyí tó bu, tó dúdú, tó hunjọ, ẹ yọ ọ́. Ẹ yan èyí tó kù, ẹ bó o, kí ẹni méjì tọ́ ọ wò láìtíì fi nǹkan kan sí i. Bó bá korò, ibẹ̀ ni ká ti dáwọ́ dúró. Bó bá dáa, ẹ lọ̀ ọ́. Ìyẹ̀fun ife mẹ́ta, ẹ̀pà lílọ̀ ife kan, ṣúgà ife kan, bọ́tà ife kan, ẹyin méjì, iyọ̀ díẹ̀. Àtalẹ̀ gbígbẹ lílọ̀, ṣíbí tíì méjì. Ata gbígbẹ lílọ̀, ìdajì ṣíbí tíì péré. Inú bọ́tà ni kí ẹ ti kọ́kọ́ po ata, torí ọ̀rá ló ń gbé ata káàkiri. Bí ẹ bá bù ú sórí ìyẹ̀fun lásán, ọmọ kan á jẹ èyí tí kò ta rárá, omi á sì máa bọ́ lójú èkejì.

Ẹni tí kò ní ààrò, kó da iyanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò irin ńlá, kó gbé e ka iná èédú, kó gbé abọ́ bísíkíìtì lé orí iyanrìn, kó dé e pa. Iná ò gbọdọ̀ pọ̀, torí ṣúgà ń yára jó. Bí etí ẹ̀ bá ti pọ́n, ẹ gbé e sọ̀. Á rọ̀ nígbà tó bá gbóná, bó bá tutù á le.

A mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ ó ní ẹ̀pà ti wọ́n, pé èyí tí òjò pa ló ṣeé rà. Òótọ́ ni, àmọ́ ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Bí ẹ̀pà bá wọ́n, ẹ jẹ́ kí bísíkíìtì kéré sí i, tàbí kí ẹ fi náírà díẹ̀ lé e. Èèyàn á ráhùn, á tún rà. Ṣé ẹ̀yin mọ iye tí géètì tó tì yẹn ti mú lọ lọ́wọ́ wa?

Torí náà, ohun mẹ́ta la fẹ́ kí ẹ dìbò sí ní ìpàdé tó ń bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ata sí nǹkan dídùn kí ẹni méjì tó tọ́ ọ wò. Kí ẹni tí a bá ká ẹ̀pà tó bu mọ́ lọ́wọ́ dà á nù lójú ẹgbẹ́. Kí oníbísíkíìtì máa sọ fún oníbàárà pé ó ta, pé ẹ̀pà sì wà nínú ẹ̀, torí ẹ̀pà kì í bá ara àwọn kan mu.

Bí a bá fọwọ́ sí i, a ó mú ìwé náà lọ bá ọ̀gá iléèwé. Ẹni iwájú jìn sí kòtò, ó kọ́ èrò ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Arábìnrin wa ti jìn sí i fún gbogbo wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sípàdé.