Ta Ló Kó Àkísà Àgbà Pamọ́?

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ẹ bá gbọ́ òwe yìí, ọmọdé kan ló fẹ́ bá àgbà du ọ̀rọ̀, tí àgbà sì wá ohun tí yóò fi pa á lẹ́nu mọ́. Ó sì máa ń pa á lẹ́nu mọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ jókòó ti àwọn tó fẹ́ràn fíìmù Yorùbá àtijọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jiyàn lórí ta ló ṣe kí ni nínú fíìmù wo, ẹ ó rí i pé òwe náà tún ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Àgbà gan-an ni ẹ̀gbẹ́ yẹn ń bá wí.

Irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ kò ṣòroó rí. Tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì, awakọ̀ kan tó ti ta mọ́tò rẹ̀, ìyá kan tó ní òun ò jókòó, òun kàn ń kọjá lọ ni, tí kò sì ní í lọ mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kí ẹnì kan ṣáà ti dárúkọ Ògúndé, gbajúmọ̀ eléré nì.

"Nínú Aiyé, ta ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá?"

"Ògúndé fúnra ẹ̀ ni. Ìwọ náà tún ń bèèrè!"

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ náà mọ̀ ọ́n ni. Ọdún wo ló jáde?"

"1979."

"1980 ni, Bọ̀dá Tísà. Mo gbé oyún àkọ́bí mi lọ wò ó."

"Jáiyésinmi lẹ gbé oyún lọ wò, Ìyá Kẹ́hìndé. Ẹ ti da ìkejì pọ̀ mọ́ ìkíní."

Kò sẹ́ni tó ń bínú. Kó o tó ṣẹ́jú, wọ́n ti dórí Bàbá Sàlá: awò ojú rẹ̀ tó fẹ̀ ju ojú lọ, táì ọrùn rẹ̀ ràgàjì-ràgàjì, aago ńlá tó máa ń so mọ́ra. Wọ́n á ní ọ̀gá ni Bàbá Sàlá jẹ́ fún King Sunny Adé nígbà kan rí. Ọmọkùnrin kan tó fi fóònù há ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn á rẹ́rìn-ín, á ní irọ́ ni. Òótọ́ ni. Kí aráyé tó mọ Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí í ṣe Bàbá Sàlá, sí aláwàdà, olórin háíláìfù ni. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Federal Rhythm Dandies, inú ẹgbẹ́ náà sì ni Sunny Adé wà kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ yẹn ní fóònù tó lè wo fíìmù gbogbo àgbáyé, àgbà tó jókòó tì í kò ní irú rẹ̀. Aṣọ nìyẹn. Ohun tí àgbà sọ yẹn ni àkísà, fóònù kò sì lè ṣe é fún ọmọ náà àfi bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá kọ́kọ́ sọ ọ́ síbẹ̀.

Ohun kan ń yà mí lẹ́nu nínú ìjiyàn wọn: wọn kì í sábà dárúkọ Ọlá Balógun. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Aba ní 1945 ni, Paris ló ti lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù. Òun ló darí Àjàní Ògún ní 1976, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, tí Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love tiwa, fi di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lójú agbo sinimá. Òun náà ló darí Ìjà Òmìnira, tí wọ́n yọ nínú ìwé Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ. Ó darí Aiyé fún Ògúndé, ó tún darí Ọ̀run Móoru fún Bàbá Sàlá ní 1982. Láàárín kan ó ti lọ sí Brazil, ó ṣe A Deusa Negra níbẹ̀, ìtàn ọmọ Nàìjíríà kan tó ń wá ìdílé rẹ̀ tí òwò ẹrú kó sọdá òkun. Ẹ bèèrè Ọ̀run Móoru lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, Bàbá Sàlá ni wọn ó dárúkọ. Kò burú. Ojú òṣèré lèèyàn ń rí. Ẹni tó dúró sẹ́yìn kámẹ́rà, àfi kí ó ní ìyá tí yóò máa pè é.

Àwọn eléré yìí kò dédé bọ́ sínú fíìmù. Láti 1945 ni Ògúndé ti ní ẹgbẹ́ eré tirẹ̀, ó ti gbé e ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá àti òkèèrè. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ rí nítorí eré Yorùbá Ronú ní 1964. Nígbà tó fi máa dojú kọ fíìmù, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Àṣà tí wọ́n fi ń ṣe eré orí ìtàgé náà ni wọ́n gbé wọ fíìmù: wọ́n á gbé e lọ bá àwọn èèyàn. Ìdí tí ìyàtọ̀ fi wà láàárín ìgbà náà àti ìsinsìnyí gan-an nìyí, ó sì yẹ ká dúró sí i díẹ̀.

Fíìmù nígbà náà, ẹrù ni. Róòlù ni, ó wúwo, inú agolo pẹlẹbẹ ló ń gbé, fíìmù kan sì lè gba agolo bíi mélòó kan. Kò sí ibi tí wọ́n ti lè fọ̀ ọ́ nílẹ̀ yìí bó ṣe yẹ, nítorí náà òkè òkun ni wọ́n ń kó ohun tí wọ́n bá yà lọ, London lọ́pọ̀ ìgbà, owó òkè òkun ni wọ́n sì fi ń san án. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní kí wọ́n tẹ̀, owó ni. Nítorí náà, ẹ̀dà díẹ̀ ni olówó fíìmù máa ń ní. Ẹ̀dà yẹn á wà ní Gbọ̀ngàn Ìṣeré Àpapọ̀ ní Iganmu lásìkò Àjíǹde tàbí Iléyá, á tún dé gbọ̀ngàn ìlú ibòmíràn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á dé ọgbà ilé ẹ̀kọ́ níbi tí wọ́n ti ta aṣọ funfun mọ́ ògiri. Ọ̀pọ̀ olówó fíìmù ni kì í jẹ́ kí róòlù kúrò lójú òun. Òun tàbí ọmọ rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀ á wà lẹ́nu géètì, á máa ka orí èèyàn mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíràn á dúró ti ẹ̀rọ.

Gbogbo ìgbà tí róòlù bá gba inú ẹ̀rọ kọjá ni ó ń ha. Eruku á wọ̀ ọ́. Tó bá já, wọ́n á gé ibi tó já, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan á ti lọ nínú ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Àwọn tó wò ó nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn kẹ́yìn, bí ẹni tó ń wo nǹkan láàárín òjò ni wọ́n ṣe wo ọ̀pọ̀ rẹ̀. Bí fíìmù Yorùbá ṣe di àkísà nìyẹn: wọ́n wọ̀ ọ́ gbó ni. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Aṣọ tí a kò bá wọ̀ kì í gbó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá Sàlá ló wọni lára. Ó kó owó ńlá lé Ọ̀run Móoru. Kó tó rí owó náà padà, àwọn olè ti dà á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ti ń tà á káàkiri. Ta ni yóò tún lọ to sẹ́nu géètì láti wo ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ní nílé? Gbèsè gbé baba náà dè, ó sì pẹ́ kó tó bọ́ nínú rẹ̀. Kò pa iṣẹ́ tì. Ó tún ṣe Ààrẹ Àgbáyé, ó ṣe Mosebọ́látán. Ṣùgbọ́n títí ó fi kú ní 2018, kò sí bí wọ́n ṣe máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ kí wọ́n má dárúkọ ọgbẹ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wá wà níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ràn láti sọ. Ọ̀pọ̀ nínú fíìmù ìgbà náà tí ẹ lè rí wò lónìí, kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti wá. Ẹ̀dà tí wọ́n dà kọ lára ẹ̀dà ni, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ohùn ń gbọ̀n, ojú òṣèré kò mọ́. Èmi ò ní gbóríyìn fún olè, ẹni tó kó Bàbá Sàlá sí gbèsè kò ní ohun tí mo fẹ́ kí i fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa tó ni nǹkan kò tọ́jú u, ọwọ́ olè ni àkísà náà wà.

Ẹ fi irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ han àgbà, kí ẹ gbọ́ ohun tí yóò sọ. Mo ti rí bàbá kan tí ọmọ ọmọ rẹ̀ gbé Aiyé fún lórí fóònù. Ó wò ó díẹ̀, ó dá a padà.

"Èyí kọ́ ni mo wò."

"Òun ni, Bàbá. Ẹ wo orúkọ ẹ̀ níbẹ̀."

"Mo mọ̀wé kà. Lọ́jọ́ tí mo wò ó, nígbà tí àwọn àjẹ́ yẹn jáde, ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ké pe ìyá ẹ̀. Àgbàlagbà ni o. Ìwọ, ẹ̀rín lò ń rín."

Bàbá náà kò parọ́. Ohun tó wò tóbi ju ògiri ilé lọ, inú òkùnkùn ló wà, àárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn tí ẹ̀rù jọ ń bà ni. Ọmọ náà sì kò ṣe ohun tó burú tó fi rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n fún un kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé àgbà ń fi ìrántí yangàn lójú ọmọ tí kò ní ọ̀nà láti rí ohun tí wọ́n ń sọ. Bí a bá ti ju àkísà nù, tí a wá ń fi àpèjúwe rẹ̀ fọ́nnu, kí ni a fi sàn ju ọmọdé tí kò ní in rí?

Àkísà kì í dédé wá bá àgbà. Ìyá àgbà tó ní àpótí aṣọ àtijọ́, tó lè fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan kó sọ fún yín pé òkú ta ni wọ́n fi èyí ṣe aṣọ ẹbí, ọdún wo ni wọ́n fi pọn ọmọ wo, ó tọ́jú u ni. Ó sá a lóòrùn, ó ká a, ó lé kòkòrò kúrò lára rẹ̀. Àgbà mìíràn wà tó ti fi tirẹ̀ nu ilẹ̀ tán. Àwọn méjèèjì ló ti darúgbó. Òwe náà kò sì dárúkọ ìkejì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ Èkó kan hàn yín. Orúkọ rẹ̀ ni Orlando Martins, 1899 ni wọ́n bí i, ìlú Èkó náà ló sì kú sí ní 1985. Ọkọ̀ òkun ló bá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun àgbáyé kìíní. Ó ja ìjàkadì, ó bá wọn ṣeré sákọ́ọ̀sì, ó wá di òṣèré fíìmù. Ní 1949 ó ṣe Blossom nínú The Hasty Heart, ọmọ ogun Áfíríkà kan tó dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun mìíràn, tí kò gbọ́ èdè wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ni Ronald Reagan, ẹni tó wá di ààrẹ Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá fẹ́ wo Martins nínú eré náà lálẹ́ òní, tó hàn kedere, tí ẹ ń rí ìlẹ̀kẹ̀ tó fẹ́ fi ta ọmọ ogun Scotland kan tó wà níbẹ̀ lọ́rẹ, ẹ ó rí i. Ọmọ Èkó tó ṣeré fún òyìnbó ní 1949 wà níbẹ̀. Adé Love tó ṣe Àjàní Ògún ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, tó fi èdè wa ṣe é lórí ilẹ̀ wa, ẹ wá a kí ẹ rí bí ojú yín yóò ṣe rí.

Ọmọ Adé Love ń ṣe fíìmù. Gbogbo yín lẹ mọ Kúnlé Afọláyan, ẹ ti wo Aníkúlápó tó jáde ní 2022, ẹ ti rí bí àwòrán rẹ̀ ṣe ń dán. Aṣọ ọmọ pọ̀ ju ti bàbá lọ, a dúpẹ́. Ti bàbá ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ìrètí kò tíì tán pátápátá. Ní 2016, ní ilé ìpamọ́ fíìmù àti ohùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Jos, wọ́n rí Shaihu Umar, fíìmù èdè Haúsá tí Adamu Halilu ṣe ní 1976 látinú ìwé tí Tafawa Balewa kọ. Gbogbo ayé ti rò pé ó ti nù. Wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Berlin, wọ́n sì fi hàn ní àjọ̀dún fíìmù tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ní 2018. Ọdún kan náà ni òun àti Àjàní Ògún jáde.

Nítorí náà, bí bàbá yín bá bá eléré ṣiṣẹ́ rí, tí agolo pẹlẹbẹ kan bá wà lórí àjà tàbí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ ṣí i kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bíi fínígà, ooru àti ọ̀rinrin ti ń jẹ ẹ́. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù, nítorí ó máa ń kó ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé e síbi tó tutù tó sì gbẹ, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, ẹ má sì fipá tú èyí tó ti lẹ̀. Ọmọ mélòó kan lè máa jà lórí ta ni yóò jogún rẹ̀. Kí wọ́n jà á tán kíákíá, nítorí róòlù kò ní í dúró dè wọ́n.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì gbé e sára ẹ̀rọ, kí wọ́n wá irú àwọn tó ń jiyàn lọ́sàn-án Àìkú, kí wọ́n fún wọn ní àga iwájú. Orúkọ ọ̀pọ̀ òṣèré kò sí lára fíìmù náà: ẹni tó jó lẹ́yìn ọba, ẹni tí wọ́n lù bolẹ̀ níbi ogun, obìnrin tó gbé omi kọjá. Kí ẹnì kan mú bírò dání. Bí méjì nínú wọn kò bá gbà lórí orúkọ obìnrin tó gbé omi yẹn, kó kọ méjèèjì.