Ẹ̀rọ Ìluhò Kò Kú: Ẹ Kọ Orúkọ Ẹ̀yà Ara Rẹ̀ Sílẹ̀!

Ẹ̀yin ará Masẹ̀, ẹ̀yin ará Àjá-Wèrè, Ìkpìnlẹ̀ àti Pọbẹ̀, ẹ̀yin oníṣẹ́ irin àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Kí ni à ń ṣe bí ẹ̀rọ ìluhò àtijọ́ bá dákẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù? Ẹ̀rọ ńlá olópòó ni mò ń wí, èyí tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ ní Kútọnu ń pè ní perceuse. Ó dákẹ́ lónìí. Lọ́la, ẹni tó ń ra àjákù irin á gbé òṣùwọ̀n dé. A ó wọ̀n ọ́n ní kílò, a ó gba owó kékeré, owó náà á sì tán kí oṣù tó parí. Lẹ́yìn náà, a ó máa ru irin lọ sí Àjàṣẹ́ kí wọ́n bá wa lu ihò mẹ́rin péré sí i.

Ìwà yìí kò dára. Ìwà yìí ń sọ wá di òtòṣì.

Ìyà rẹ̀ kò mọ sórí oníṣẹ́ irin nìkan. Ẹ wo obìnrin tó ń ṣe gàrí. Bí irin tó di bíárìn ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ rẹ̀ mú bá ya, irin tuntun ń fẹ́ ihò tó tọ́. Bí a bá fi ẹ̀rọ àfọwọ́dì lu ihò náà, ó rọrùn kó wọ́. Bí ihò bá wọ́, ọ̀pá ẹ̀rọ á máa gbọ̀n, bíárìn á sì tún bàjẹ́. Ẹ̀rọ olópòó ló ń lu ihò ṣánṣán. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni: bí a bá ti wú u, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹ̀rọ tí a tà ní kílò, oúnjẹ ọmọ wa ló bá a lọ.

Àwọn kan á sọ pé: «Ẹ̀rọ àtijọ́ ni. Àwọn tó ṣe é ti kú. Ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́.» Irọ́ ni! Ẹ jẹ́ ká tú ẹ̀rọ náà wò.

Kí ló sábà máa ń bàjẹ́ lára rẹ̀? Bíárìn ni, àti bẹ́líìtì, àti ẹnu tó ń di irin ìluhò mú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ṣì ń ṣe lónìí ní ìwọ̀n kan náà.

Bíárìn kọ́kọ́. Ẹ nu ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò, ẹ ó rí nọ́ńbà. Bí ó bá jẹ́ 6204, ẹ wo nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn, kí ẹ fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀: 4 lọ́nà 5 jẹ́ 20. Ihò àárín rẹ̀ jẹ́ mílímítà 20. Bákan náà, 05 jẹ́ 25, 06 sì jẹ́ 30. Àwọn kékeré ni kò tẹ̀lé òfin yìí: 00 jẹ́ 10, 01 jẹ́ 12, 02 jẹ́ 15, 03 jẹ́ 17. Bí nọ́ńbà bá ti parẹ́, ẹ wọn inú, ẹ wọn ìta, ẹ wọn sísanra rẹ̀. Bí ẹ bá rí 20, 47 àti 14, 6204 náà ni. Ilé-iṣẹ́ yòówù kó ṣe é, ní ilẹ̀ yòówù, yóò wọ ibẹ̀.

Bẹ́líìtì náà ní orúkọ. Lẹ́tà ń sọ fífẹ̀ rẹ̀: A jẹ́ mílímítà 13, B jẹ́ 17. Nọ́ńbà ń sọ gígùn rẹ̀. A40 túmọ̀ sí pé inú rẹ̀ gùn tó ínṣì 40, ìyẹn mílímítà 1016.

Ẹnu tó ń di irin ìluhò mú, èyí tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ eléyín fún, Arthur Jacobs ará Amẹ́ríkà ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1902. Ìdí tó rí ṣóńṣó, tó ń wọnú ọ̀pá ẹ̀rọ láìsí ìdè kankan, orúkọ Stephen Morse ni wọ́n fi ń pè é, láti nǹkan bí 1864. Nọ́ńbà ni wọ́n fún un pẹ̀lú. Nọ́ńbà 2, ibi tó nípọn jù lára rẹ̀ kò pé mílímítà 18. Nọ́ńbà 3 kò pé 24. Ó ti lé ní 100 ọdún, ìwọ̀n náà kò yí padà. Ta ló wá sọ pé ẹ̀rọ ti kú?

Ẹni tó dé ọjà Dantokpa tó ní «ẹ fún mi ní bíárìn ẹ̀rọ ìluhò», ohun tí olùtajà bá fẹ́ ni yóò tà fún un. Ẹni tó bá ní «6204» ti mọ ohun tó ń wá. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kì í ṣe owó. Ìwé kíkà ni!

Àwa tí a wà nítòsí ààlà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù. Ẹ̀rọ tó ti Faransé wá, mílímítà ni ìwọ̀n rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ tó ti Nàìjíríà kọjá sí ọ̀dọ̀ wa, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, ínṣì ni ìwọ̀n rẹ̀. Bóòtù mílímítà 12 àti bóòtù ìlàjì ínṣì jọra lójú. Ṣùgbọ́n ìlàjì ínṣì jẹ́ mílímítà 12,7, eyín wọn kò sì bára mu. Ẹni tó bá fi agbára wé e wọlé, ó ti ba ihò jẹ́. Bákan náà ni iná: 220 ni tiwa. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún 110 ní Amẹ́ríkà, bí ẹ bá kàn kì í bọ iná wa, yóò jóná.

Òótọ́ ni pé àwọn ẹ̀yà kan kò ní nọ́ńbà: eyín tó ń gbé ọ̀pá sókè sódò, ọwọ́ ẹ̀rọ, púlì ológìrì mẹ́ta. Ìwọ̀nyí, àfi ká gbẹ́ wọn. Ẹ má sọ èyí tó ṣẹ́ nù! Òun ni ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin yóò wò ṣe òmíràn. Bí òpó tàbí orí ẹ̀rọ bá fọ́ tí kò ṣe é jó pọ̀, ẹ tú gbogbo ohun tó dára lára rẹ̀ kí ẹ tó tà á. Ẹ̀yà ara òkú ẹ̀rọ a máa wo aláìsàn sàn.

Ṣé àwa nìkan la lè ṣe èyí? Rárá. Ní Kumasi ní Gánà, àdúgbò oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan wà tó ń jẹ́ Suame Magazine. Ní 1980, yunifásítì ìlú náà ṣí ibùdó kan síbẹ̀. Wọ́n kó ẹ̀rọ àlòkù wọlé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń tà wọ́n fún oníṣẹ́ kéékèèké kí wọ́n lè máa ṣe ẹ̀yà ara ẹ̀rọ fúnra wọn. Ohun tí àwọn mìíràn pè ní àlòkù, òun ni wọ́n fi ń jẹun. Nítòsí wa níhìn-ín, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Onígbólò, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1982. Irú ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ kì í fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láìní ìwé tirẹ̀. Kí ló dé tí ṣọ́ọ̀bù kékeré kò ní lè ní ìwé?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún àwọn ọ̀gá kan. Ọmọ iṣẹ́ ń lo ọdún mẹ́ta, ó ń gbá ilẹ̀, ó ń ru irin, ṣùgbọ́n bí ó bá mú bírò jáde, wọ́n á bínú sí i. Wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀yà ẹ̀rọ pamọ́ bí oògùn. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bí ọ̀gá bẹ́ẹ̀ bá kú, ẹ̀rọ rẹ̀ bá a kú.

Ẹ sì dá àwọn tó ní ìwé Yorùbá kò wúlò fún iṣẹ́ lóhùn. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1972 ni ìjọba ti kéde pé a óò gbé èdè orílẹ̀-èdè wa ga. Èdè kì í ga lórí àga àpérò nìkan. Ó ń ga nígbà tí ọmọ iṣẹ́ bá fi kọ ìwọ̀n bíárìn tí kò sì ṣì í.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ṣe èyí:

1. Kí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ra ìwé kan fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ohun tó wà lára pátákó rẹ̀ síbẹ̀, nọ́ńbà bíárìn, ti bẹ́líìtì, ti ìdí ṣóńṣó, àti irú iná rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́.

2. Kí àwọn oníṣẹ́ dáwó jọ ra irin ìwọ̀n kan tó dára, èyí tí à ń pè ní pied à coulisse. Kí ẹnì kan tó mọ̀wé lọ sọ́jà fún gbogbo wọn, kí owó ọkọ̀ má baà jẹ́ ìlọ́po.

3. Kí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà gbé bíárìn sórí tábìlì bí a ti ń gbé ìwé. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìṣirò.

4. Kí ẹnikẹ́ni má ta ẹ̀rọ ní kílò kí oníṣẹ́ mìíràn tó wò ó.

Ẹ̀yin ará, irin kì í yára kú. Àìmọ̀ ló ń pa á. Ẹ mú bírò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi kọ́ ẹlòmíràn!